Wolé-wolé Tí Mo Dá Dúró Nínú Ẹ̀hà

Òótọ́ ni. Mo dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró nínú ilé, mi ò jẹ́ kó jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti rin Ìlọrin já, ẹnu sì ti pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní mo so ọkùnrin náà mọ́ igi, àwọn kan ní mo ṣí fìlà lórí rẹ̀, àwọn òpùrọ́ inú wọn tilẹ̀ ní mo da omi lé e lórí. Irọ́ gbuu ni. Àpótí ni mo gbé sẹ́nu ọ̀nà, mo sì jókòó lé e. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí gan-an, kó gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo ṣe é. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń retí kí n sọ pé mo kábàámọ̀, ó máa pẹ́ níbẹ̀.

Òyìnbó ò tíì pẹ́ nílùú nígbà náà. Rélùwéè ti dé, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti kọ́lé tirẹ̀ sẹ́yìn ìlú, ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tiwa, bí a ti ń ṣe é kí wọ́n tó dé náà la ṣì ń ṣe é. Ilé ààfáà ni. Ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ baálé wa, ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Àwa obìnrin wà lẹ́yìn, nínú ẹ̀hà. Eléhàá kì í jáde lọ́sàn-án, ọkùnrin tí kì í ṣe ti ilé kì í sì í wọlé tọ̀ ọ́. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ké “Sàláámù aléékùn”, bí a kò bá dá a lóhùn, á yí padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ agbẹ̀bí. Ohun tó kọ́ mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi etí fífà kọ́ mi. Ó ní obìnrin tí ìrọbí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kì í ṣe ẹni tí à ń dá kúnlẹ̀. Jẹ́ kó rìn. Bí ìrora bá dé, kó fara ti ògiri, bó bá lọ, kó tún máa rìn. Fi òrí pa á níbàdí. Fún un ní ògì gbígbóná mu díẹ̀díẹ̀. Bí oorun bá ń kùn ún, fi í sílẹ̀ kó sùn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà á, torí ẹ̀rù a máa lé ìrọbí padà sẹ́yìn. Àwọn obìnrin ilé wa ò ní sùúrù irú èyí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé inú ń run ẹnì kan, wọ́n á ti rọ́ wọlé: “Kúnlẹ̀! Gbìyànjú! Ṣe bí obìnrin!” Kí ọmọ tó múra àtiwá, agbára ìyá rẹ̀ á ti tán. Ìyá ọkọ mi á mú orógùn, á lé gbogbo wọn jáde. Nígbà tí ó kú, mo jogún iṣẹ́ náà, mo sì jogún orógùn.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyàwó náà ni mo ń pè é, òun sì ń pè mí ní Ìyá, bẹ́ẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn ìlú, ọmọ tó mọ ẹ̀rín rín. Nígbà tó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá ọkọ wa ṣì wà láyé. Ìrọbí bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan láti ilé kejì wọlé wá kí i, ó jókòó díẹ̀, ó ní òun ń lọ wo ọbẹ̀ òun lórí iná, ó sì jáde. Kò pẹ́ sí i tí ìrọbí dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa padà mú un, ọmọ ti kú sínú.

Àwọn ẹlẹ́nu ilé wa wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní kò gbìyànjú, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀. Ó gbọ́ wọn, kò jẹun mọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó kàn ń wo òrùlé. Ni ìyá ọkọ wa bá bọ́ sí àárín àgbàlá lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀! Ẹni tó bá wọlé tọ ẹni tó ń rọbí, tó jáde kí ọmọ tó dé, ìrọbí ló ń gbé lọ. Ẹni tó lọ wo ọbẹ̀ ló gbé e lọ!”

Àánú ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ irú òfin yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀bi náà sí ni, kó lè kúrò lórí ọmọ yẹn, obìnrin ọlọ́bẹ̀ ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti balẹ̀ náà nìyẹn. Ilé gbà á, ó dòfin. Ìyàwó ló wá gbà á ju gbogbo ènìyàn lọ. Nígbà tó tún lóyún, lẹ́yìn tí ìyá ọkọ wa ti kú, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún: “Ìyá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ̀ mí kó tún jáde o.” Mo ní kò sẹ́ni tí yóò wọlé. Mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ìrọbí mú un. Ọkọ rẹ̀ ti bá òwò lọ sí Jẹ́bà. Baálé kọ kéwú sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú igbá, ó fi hàntú náà ránṣẹ́ sínú ẹ̀hà. Ìyàwó mu ún, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. Mo fi orógùn lé àwọn obìnrin sí yàrá wọn. Àwa méjèèjì ń rìn ní àgbàlá, òun ń fọwọ́ tọ́ ògiri, èmi ń tẹ̀ lé e, òrí ń yọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ìrora bá dé, á fi iwájú orí lé ògiri, á máa mí. Bó bá lọ, á ní kí n sọ ohun tí yóò pa òun lẹ́rìn-ín, mo sì ní ẹ̀gàn baálé wa lẹ́nu tó pọ̀ tó. Ó ń lọ dáadáa, wàlláhì. Ó ń lọ bí ìyá ọkọ mi ṣe máa fẹ́ kó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n pe ìrun Jímọ̀, gbogbo ọkùnrin ilé gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Ìgbà náà gan-an ni wolé-wolé wọlé. Àwọn yẹn ni ìjọba ń rán kiri pé kí wọ́n máa wo ìdọ̀tí ilé onílé, kí wọ́n máa yọjú wo inú àmù omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, torí wọ́n ní tanwíji ló ń di ẹ̀fọn. Eléyìí, ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, ó bá rélùwéè wá, ó wọ ṣòkòtò kákí, ó mú ọ̀pá dání. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ààfáà mọ iyàn jà, ó sì rò pé òun gbọ́n: ìgbà tí wọ́n bá wà nídìí ìrun ni kí òun wá. Kò ké sàláámù. Kò kan ilẹ̀kùn. A kàn rí ọkùnrin láàárín àgbàlá ni.

Ìyàwó ò bo orí. Ìró kan ló ró mọ́ àyà. Ojú òun àti ti ọkùnrin náà ṣe mẹ́rin, ó ké “Yéè!” ó sì wó lulẹ̀ sẹ́bàá ògiri. Mo yíjú sí ọkùnrin yẹn, mo bú u dé bi pé mi ò mọ gbogbo ohun tó tẹnu mi jáde mọ́. “Aúsù bíláhì! Ṣé orí rẹ pé ṣá? Inú ẹ̀hà lo wọ̀ yìí! Jáde! Kí o tó ṣẹ́jú, kí n má rí ọ níbí!”

Ojú tì í, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ojú tì í gan-an. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ni,” ó gbé ọ̀pá bojú bíi pé ọ̀pá lè bo nǹkan, ó sì yí padà kó máa lọ. Inú mi dùn pé ó ń lọ. Ni Ìyàwó bá figbe ta nílẹ̀ tó wà.

“Ìyá! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ! Ó ti wọlé! Bó bá jáde, ó gbé e lọ nìyẹn! Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tún pa ọmọ mi!”

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, mo dúró de ìrora tó kàn. Kò dé. Mo tún dúró. Ikùn náà dẹ̀. Ìrora tó ti ń wá léraléra látàárọ̀ kò wá mọ́ rárá, gbogbo ara rẹ̀ kàn ń gbọ̀n. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí òkú ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, bí ìyá ọkọ mi ṣe fi aṣọ wé e láìsọ̀rọ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún un pé òfin yẹn kì í ṣe òfin, pé àánú ló bí i. Kàì! Ẹni tó ń bi mí bẹ́ẹ̀ kò tọ́jú ẹni tó ń rọbí rí. Ṣé ìgbà tí ẹ̀rù ti di obìnrin mú nílẹ̀ẹ́lẹ̀ là ń ṣàlàyé fún un? Èmi gbà á gbọ́ o, mi ò gbà á gbọ́ o, èmi kọ́ ni mò ń bímọ. Ẹni tó ń bímọ gbà á gbọ́, ara rẹ̀ sì gbà á gbọ́, ara yẹn ni mo ní láti bá ṣiṣẹ́. Bó bá ní kí n gbé ògiri, màá gbé ògiri.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde ní àgbàlá yẹn. Mo sáré, mo gbé àpótí síbẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé ibẹ̀, mo jókòó, mo sì na ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọjá.”

“O ò ní kọjá.”

“Ẹ̀yin lẹ ṣáà ní kí n jáde!”

“Ìyẹn ti lọ. Jókòó sẹ́bàá àmù lọ́hùn-ún, kọjú sí ògiri, má wẹ̀yìn. Bí ọmọ bá dé, o lè máa lọ.”

“Ẹ gbọ́ mi o, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe!”

“Ìjọba tó rán ọ níṣẹ́, ta ló bí i? Ṣé kì í ṣe obìnrin?”

Ó ní òun á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo ní, “Ó dáa, gbà á. Fọwọ́ kàn mí. Fọwọ́ kan ìyàwó ààfáà nínú ẹ̀hà, lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n ké, kí àwọn tó wà ní mọ́ṣáláṣí sá dé, kí ìwọ àti Alùkálí wá jọ sọ èyí tó kù ní kóòtù.” Ó wo ọ̀nà, ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ tí mo nà. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sẹ́bàá àmù, ó kọjú sí ògiri bí mo ti ní kó ṣe.

Àwọn ọkùnrin ilé dé láti ìdí ìrun. Kí wọ́n tó bọ́ bàtà, àwọn ẹlẹ́nu ti rò fún wọn. Mo gbọ́ ohùn baálé lẹ́yìn mi, láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Wọ́n ní ọkùnrin wà nínú ẹ̀hà mi?”

“Ó wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Jẹ́ kó jáde kíá!”

“Kò ní jáde. Ìyàwó ò tíì sọ̀.”

“Ṣé o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ṣá?”

“Mo mọ̀ yín, Bàbá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ni ẹ̀yin ò mọ̀.”

Háà! Mi ò tíì dá baálé lóhùn báyìí rí, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn báyìí rí. Ọkọ mi ló wá sọ̀rọ̀. “Fìtínà lo dá sílẹ̀ yìí. Ọkùnrin àjèjì jókòó ti ìyàwó àbúrò mi, ìwọ lo sì dá a jókòó! Dìde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ẹrù rẹ, máa lọ sílé bàbá rẹ.”

Mo fẹ́ràn ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ojú mi kún fún omi, inú sì ń bí mi pé ó kún. “Ẹ jẹ́ kó bímọ ná,” mo wí. “Bó bá ti bímọ tán, màá kó ẹrù mi.” Mi ò wẹ̀yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dìde, kí wọ́n wọlé wá gbé mi. Wọn ò sì lè wọlé, torí ọkùnrin kì í wá síbi tí obìnrin ti ń rọbí, àwọn fúnra wọn ló ń wàásù rẹ̀.

Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ tó wà. Ó fi ohùn tín-ín-rín bi mí pé, “Ìyá, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Kí n tó la ẹnu, ọkùnrin náà dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. “Mo wà níbí o, ìyá. Mi ò lọ síbì kankan.”

Ẹnikẹ́ni ò ní kó dáhùn. Ìyàwó tún bi í, “Ṣé ẹ ò ní lọ?” Òun náà ní, “Bí wọ́n tilẹ̀ ń nà mí ní pàṣán, mi ò ní lọ.” Ìyàwó mí kanlẹ̀. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ sọ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí mo lé sí yàrá rọra gbé ògì wá fún un, ó mu ún, ó sì sinmi lé ògiri títí oorun díẹ̀ fi gbé e. Nígbà tó jí, ó fọwọ́ di ògiri mú gírígírí, ó gbé iwájú orí lé e. Ìrora ti padà dé.

Ibẹ̀ lọ̀ràn wá le fún mi. Ó yẹ kí n wà lẹ́yìn rẹ̀ kí n máa fọwọ́ ra á níbàdí, bí mo bá sì dìde, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ lọ tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá dìde níbí, kí ẹ pè mí ní ọmọ àlè.” Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí. Mo fi àpótí sílẹ̀, mo lọ bá Ìyàwó.

Kò dìde. Òòrùn ká a mọ́ ibẹ̀, kò dìde. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti wàrà fún un, ó jẹ ẹ́ ní ìkọjú-sí-ògiri. A rìn títí tí Ìyàwó fi ní òun ò lè rìn mọ́, mo mú un wọ yàrá. Bí ìrora bá ti dé, á ké láti inú yàrá pé, “Ṣé ó wà níbẹ̀?” ọkùnrin náà á dáhùn lóde pé, “Mo wà níbí o!” Ó dé ibì kan, àwọn ọkùnrin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ń tẹ́tí sí i. Ìgbà tí mo rí i pé àsìkò tó ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó kúnlẹ̀. Kò pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó pe ìrun àlàásárì, a gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Obìnrin ni ọmọ náà, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ.

Nígbà tí mo parí gbogbo rẹ̀, mo jáde sí àgbàlá. “Ó yá,” mo wí, “ẹ máa lọ o.” Ọkùnrin náà dìde, orúnkún rẹ̀ ti gan. Ó ní, “Ẹ kú ewu ọmọ.” Ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ díẹ̀, ó yọjú wo inú àmù tó ti jókòó tì látọ̀sán. “Ìyá, ẹ má bínú o. Tanwíji wà nínú omi yìí.”

“Mo mọ̀,” mo wí. “Ẹ dà á nù.”

Ó dà á nù, ó dojú àmù bolẹ̀ fún wa, ó sì gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá láìgbójú sókè. Ó wá lẹ́yìn ìgbà náà, ó ń wá dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìta gbangba lọ́hùn-ún ló ti ń ké sàláámù, á sì dúró títí a ó fi jẹ́ ẹ.

Mi ò kó ẹrù lọ síbì kankan, torí ọkọ mi kò tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Kò sọ òmíràn náà. Títí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ fi pé, kò jẹ oúnjẹ mi. Mò ń sè é, mò ń jẹ ẹ́ fúnra mi, mo sì ń sanra. Baálé ní tirẹ̀ ti dájọ́: kí n wá kúnlẹ̀ níwájú àwọn ààfáà, kí n tọrọ àforíjì pé mo fi ọkùnrin àjèjì sínú ẹ̀hà. Bí mi ò bá tọrọ rẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà. Mo ní kò sí ohun tí mo ṣe tó gba àforíjì. Àwọn obìnrin bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n kàn fi ẹnu lásán sọ ọ́. Mo ní ẹnu mi kì í ṣe ẹnu lásán.

Ní ilé wa, agbẹ̀bí ló ń gbé ọmọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè sọ orúkọ sí i létí. Ọjọ́ pé, àwọn ààfáà jókòó, wọ́n so àgbò mọ́lẹ̀. Baálé rán ìyàwó tirẹ̀ wọlé pé kó wá gbé ọmọ. Ìyàwó gbá ọmọ mọ́ àyà, kò fún un. Ó gbé ohùn sókè, òun tí eléhàá ni, tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì kún fún ọkùnrin.

“Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé bí ohun tí Ìyá ṣe bá burú, ọmọ tó ti inú ohun burúkú náà jáde nìyí, kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá. Bí kò bá burú, kí ẹni tó gbà á gbé e jáde. Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí wọ́n wo ilé náà dáadáa!”

Àgbò ké. Baálé wú ikọ́. “Kí agbẹ̀bí gbé ọmọ wá,” ó wí. Kò dárúkọ àforíjì.

Mo da gèlè borí, mo gbé ọmọ náà, mo jáde sí wọn. Ọkọ mi sún kúrò lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú baálé bó ti yẹ. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọmọ, mi ò gbé e fún un.

“Bàbá,” mo wí, “ẹ ò tíì kí mi.”

Ó wò mí. Àwọn ààfáà wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà.

“O kú ewu ọmọ,” ó wí.

Mo wá gbé e fún un.